Àga Ẹni Tí Nǹkan Rẹ̀ Bàjẹ́

"Tìrẹ ni," ni Awọkàn wí. "Ó ti bàjẹ́. Ṣe ohun tí ọkàn rẹ bá fẹ́ sí i."

Àjàgbé wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú omi ni, irú èyí tó wà ní ìdí gbogbo ilé ní Àgbàlá-Ọ̀sà, àmọ́ èyí kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìdérí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Sípánà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú wáyà tuntun àti rọ́bà tuntun. Àjàgbé wò ó títí, ó wá ká apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà, ó sì fẹ̀yìn ti àga.

Ìbíyẹmí, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rán wá, dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò inú ọkọ̀, ó ń wo gíláàsì róbótó tó wà lókè orí ọmọkùnrin náà. Gíláàsì Awọkàn ni, ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn àwọn tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́. Inú rẹ̀ ni àwọ̀ ọkàn ẹni tó jókòó ti máa ń hàn. Bí òùngbẹ ìmọ̀ bá ń gbẹ èèyàn, àwọ̀ náà á pọ́n bí epo pupa. Ti Àjàgbé funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

"Kò sí òùngbẹ," ni Awọkàn wí. Ohùn ẹ̀rọ náà jọ ti ìyá àgbà tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "A dúpẹ́ pé o wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀rọ Omi kì í fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni."

Àjàgbé dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán."

"Ṣé mo yege?"

"O ò yege."

Ó ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn, ó yí fìlà rẹ̀ po lórí. "Àga yín ló tutù. Bóyá kí ẹ gbé e sóòrùn kí ẹni tó kàn tó jókòó, ọkàn rẹ̀ á lè gbóná díẹ̀."

"Jáde, jàre," ni Ìbíyẹmí wí, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́nu òun náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn ti pa dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, tí wọ́n sì ń jáde. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan sípánà nínú gbogbo wọn. Wọ́n á wo ẹ̀rọ náà, wọ́n á ká apá mọ́ àyà, wọ́n á sì máa wo ilẹ̀kùn.

Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Àmì rẹ̀ ló ń pè é. Àmì náà kò fẹ̀ ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, iná àwọ̀ ewé sì ń tàn nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Òun ló ń ṣí ẹnubodè orí ilẹ̀ fún un, òun ló ń ṣí yàrá rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ilẹ̀kùn yòówù kó dé ìdí rẹ̀, àmì yìí ló ń jẹ́rìí pé Awọkàn ti wo ọkàn Ìbíyẹmí rí, ó sì bá òùngbẹ níbẹ̀.

"Ìbíyẹmí." Ohùn Ọ̀gá Ṣóbándé ló ń ti inú àmì náà jáde, olórí gbogbo aṣàwárí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń rán kiri láti wá akẹ́kọ̀ọ́. "Mélòó lo ti rí?"

"Kò tíì sí, sà."

"Mo sọ fún ọ. Nígbà tí èmi náà ń ṣe aṣàwárí, mo dé ibẹ̀. Ọkọ̀ yẹn náà ni, àga yẹn náà ni. Gbogbo wọn ló ká apá mọ́ra bí ẹni tó ń retí oúnjẹ. Àwọn ọmọ orí omi yẹn kò ní ọkàn sí ẹ̀rọ. Ẹja ni wọ́n mọ̀."

"Sà, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé. Bí pọ́ǹpù ìdí ilé wọn bá dákẹ́ lónìí, ilé náà á ti máa rì kó tó dọ̀la. Ta ló ń bá wọn tún un ṣe?"

"Bóyá wọ́n máa ń ra òmíràn."

"Lọ́wọ́ ta, sà?"

Ọ̀gá Ṣóbándé yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní, "Àga méjìlá ló ṣì ṣófo. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí tí a ò rí ẹni jókòó sí wọn, òfin á ti ilẹ̀kùn wa. Àwọn ará Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìgbafẹ́ ló máa gba ilé náà. Wọ́n wá wọn fèrèsé wa lánàá, wọ́n fẹ́ mọ irú kọ́tìnnì tó máa bá a mu."

"Ògiri òkun tí kò jẹ́ kí omi bo orí ilẹ̀ ńkọ́, sà? Ta ló máa máa tọ́jú rẹ̀?"

"Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti darúgbó, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Tú okùn ọkọ̀ rẹ, kí o máa bọ̀ wálé. Ó kéré tán, kí á jọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn."

Ìbíyẹmí wo Awọkàn. Kò lè bínú sí i. Ìyá rẹ̀ àgbà ti sọ fún un nípa ayé àtijọ́, nígbà tí bàbá á ti yan iṣẹ́ dókítà fún ọmọ tí kò tíì hu eyín, tí ọmọ náà á wá fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ ohun tó kórìíra, tí á sì fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe é fún àwọn aláìsàn tí kò rí ojú rere rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbé Òfin Ìfẹ́-Ọkàn kalẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gba ẹni tí Awọkàn kò rí òùngbẹ rẹ̀, títì ni wọ́n ń tì í. Òfin tó dára ni. Kí ló wá dé tí odindi ìlú kan, tó ń léfòó lórí pọ́ǹpù, fi ní ọkàn funfun?

Ó jáde sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tú okùn, ó tẹ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Ó tún un tẹ̀. Kò dáhùn. Ó wo oòrùn, ó ṣe ṣìọ̀, ó gbé sípánà láti inú àpótí irinṣẹ́, ó sì kúnlẹ̀ láti tú ìdérí ẹ́ńjìnnì náà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ ṣe yẹn?"

Ọmọbìnrin kan ló dúró lórí pákó tó so ọkọ̀ mọ́ ìlú. Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wọ yàrá ìdánwò láàárọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ jáde. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń wo sípánà ọwọ́ Ìbíyẹmí bí ẹni tó rí ọmọdé tó mú ọ̀bẹ.

"Mo fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì mi ṣe."

"Ta ló ni ọkọ̀ náà?"

"Èmi ni mo gbé e wá. Tèmi ni, ká sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀hẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀." Rẹ̀mílẹ́kún ti wọ inú ọkọ̀, ó ti gba sípánà náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ti fa àpótí ìjókòó kan wá. "Ẹ jókòó síbí."

"Kí n jókòó? Oòrùn ń lọ, Rẹ̀mílẹ́kún."

"Ẹ jókòó ná, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò sẹ́ni tó kọ́ yín nílé ni?"

Ó fi ìka méjì sẹ́nu, ó súfèé. Kíá ni orí ń yọ láti fèrèsé. Wọ́n ń fò láti orí ilé kan sí òmíràn, ilé ń mì lórí omi lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, gbogbo àwọn tí Awọkàn ti dá padà láti àárọ̀. Àjàgbé ló débẹ̀ gbẹ̀yìn, àgbàdo sísun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ti ta ló bàjẹ́?" ni ó bèèrè.

"Ti ẹ̀gbọ́n," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

"Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó kí i tọkàntọkàn, bí ẹni ń kí ẹni tó ń ṣàìsàn, ó sì gbé àgbàdo rẹ̀ fún un. "Ẹ bá mi mú un dání. Ẹ lè jẹ ẹ́. Ó yá, ẹ sọ fún wa. Ṣé ó húkọ́ kó tó kú ni, àbí ó kàn kú?"

"Ó húkọ́. Lẹ́ẹ̀mejì."

"Ikọ́ gbígbẹ àbí ikọ́ olómi?"

Ìbíyẹmí nawọ́ sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. "Láti ibẹ̀ yẹn..."

"Ẹ má fọwọ́ júwe," ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ fẹnu sọ ọ́," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Bí ẹ bá fọwọ́ júwe, ibi tí ẹ bá nawọ́ sí nìkan la ó máa wò."

Ó bá fẹnu sọ ọ́. Ó sọ ohun tó gbọ́ nígbà tó ń bọ̀ láàárọ̀, ó sọ bí ilẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dé ibi tí koríko omi pọ̀ sí, ó sọ òórùn kan tí òun kò kà sí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń yà á lẹ́nu pé òun mọ nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nípa ẹ́ńjìnnì náà.

"Asẹ́ ni," ni Àjàgbé wí.

"Ìwọ àti asẹ́," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Bí orí bá ń fọ́ ọ, wàá ní asẹ́ ló dí. Wáyà ni. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ní ó rùn?"

"Rọ́bà ló ń rùn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe wáyà. Imú rẹ ni kí á kọ́kọ́ tún ṣe."

Wọ́n ti tú ìdérí kó tó parí ọ̀rọ̀. Apá Àjàgbé wọ inú ẹ́ńjìnnì dé èjìká. Ojú rẹ̀ ni Ìbíyẹmí ń wò. Ojú ọmọ tó ká apá mọ́ra lórí àga tutù kọ́ nìyí mọ́. Ó di ojú, ó ń fi ìka wá nǹkan nínú òkùnkùn, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Àwọn tó kù yí i ká, wọ́n ń nawọ́ irinṣẹ́ sí i kó tó bèèrè, wọ́n ń bú u, wọ́n ń dábàá, wọ́n ń gbọn omi dànù. Nígbà tó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde, gbòǹgbò koríko omi gígùn kan tẹ̀ lé e, ó ti lọ́ mọ́ asẹ́, ó sì ti fa wáyà kan já pẹ̀lú.

"Asẹ́," ni Àjàgbé wí.

"Wáyà," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, ó sì gba wáyà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín bó awọ rẹ̀ létí.

Ìbíyẹmí gbé àgbàdo sílẹ̀. "Àjàgbé. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì yẹn. Kí ló dé tí o ò fọwọ́ kàn án?"

Àjàgbé wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ìdí tí kò fi fi ẹsẹ̀ jẹun. "Ṣé tèmi kọ́ ni? Ohùn yẹn ní tèmi ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ló ṣe yẹ kí o tún un ṣe."

Wọ́n wo ara wọn. Rẹ̀mílẹ́kún ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má bàa dójú ti àlejò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù á ti bà á. Bí pọ́ǹpù ilé yín bá kú, tí omi ń wọlé, tí ọmọ yín ń sunkún, ọwọ́ yín á máa gbọ̀n, ẹ ó já ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ já. Báyìí ni ilé ṣe ń rì níbí láyé àwọn bàbá wa. Ẹ ó jókòó, ẹ ó sọ ọ́, ẹgbẹ́ yín á ṣe é. Bó bá dọ̀la tí tèmi bàjẹ́, èmi náà á jókòó, ẹ̀yin á wá bá mi ṣe é. Àáró ni. Oko ni àwọn ará orí ilẹ̀ fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ni àwa fi ń ṣe é."

"Bí ẹnì kan bá wá dá fọwọ́ kan tirẹ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé kò ka àwa tó kù sí nǹkan kan nìyẹn," ni Àjàgbé wí.

"Èmi rò pé ẹ máa pe àwọn tó kù wọlé ni," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ilẹ̀kùn. Mo ti mọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ yẹn, mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún wọn lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ẹ wá ní mo lè máa lọ."

Ìbíyẹmí dìde lórí àpótí, ó sì padà sínú yàrá ìdánwò. Bó ṣe ń wọlé ló gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tún dún.

"Awọkàn," ni ó wí. "Jẹ́ kí á yí ọ̀rọ̀ kan padà. Dípò 'tìrẹ ni', sọ fún wọn pé ti ẹlòmíràn ni."

"N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, Aṣàwárí. Wọ́n ti fi èdìdì di ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá yí i padà, gbogbo ohun tí mo bá rí lẹ́yìn rẹ̀ di asán."

Ìbíyẹmí rìn yí tábìlì ká. Láti kékeré, bí wọ́n bá fún un ní ohun tí kò ṣeé tú, kì í fi agbára tú u. Á máa yí i lọ́wọ́ títí á fi rí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

"Ta ni òfin ní kí o sọ ọ́ fún?"

"Ẹni tó bá jókòó sórí àga."

"Ṣé òfin sọ pé ọmọ tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ ló gbọdọ̀ jókòó?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó bi mí rí."

"Ọkàn ta lo máa ń wò?"

"Ti gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ ilẹ̀ yàrá yìí. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo gbọdọ̀ kọ ohun tí mo bá rí."

"Ṣé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọdọ̀ wọlé?"

"Rárá. Mo lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀. Ilẹ̀kùn títì yẹn, àwọn aṣàwárí àtijọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn kò fẹ́ ariwo."

"Èmi ni mo máa jókòó, nígbà náà."

"Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó jókòó," ni Awọkàn wí. "Ẹni tó bá wà lórí àga, mo gbọdọ̀ wo tirẹ̀ náà. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, àwọn ọmọ wọ̀nyí á fà sẹ́yìn, ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ká apá mọ́ra, ohun tí mo kọ fún wọn láàárọ̀ ni màá kọ fún yín. Àmì yín á kú."

"Ṣé ó lè jí padà?"

"N kò tíì rí èyí tó jí padà."

Ó wo iná àwọ̀ ewé tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Láìsí i, ẹnubodè kò ní ṣí. Yàrá rẹ̀ kò ní ṣí, níbi tí pọ́ǹpù aláfọwọ́yí kan tó ń ṣe fúnra rẹ̀ ti wà lórí tábìlì, tó ku ẹsẹ̀ kan péré kó parí. Ìyá rẹ̀, tó máa ń ní kó ká apá ẹ̀wù sókè kí àlejò lè rí i, kò ní bi í léèrè nǹkan kan, ìyẹn ló sì máa burú jù. Ó ro gbogbo rẹ̀. Bí ó bá tú okùn báyìí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, á délé pẹ̀lú àmì rẹ̀, á sì fi í ṣílẹ̀kùn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti fi kọ́tìnnì tuntun sí.

Ó wo ilẹ̀kùn yàrá náà. Àwọn ọmọ láàárọ̀ ti wo ilẹ̀kùn yìí pẹ́.

Ó ṣí i gbayawu.

"Gbogbo yín," ni ó wí, "ẹ wọlé."

"Lẹ́ẹ̀kan náà?" ni Àjàgbé bèèrè.

"Lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ nu ẹsẹ̀."

Wọ́n kún yàrá náà fọ́fọ́, wọ́n ń ti ara wọn, òórùn ẹja àti èéfín ń jáde lára wọn. Ìbíyẹmí gba àárín wọn kọjá, ó sì jókòó sórí àga. Òótọ́ ni Àjàgbé sọ, ó tutù.

"Tìrẹ ni," ni Awọkàn wí fún un, kò sì fi ọ̀wọ̀ kún un, bó ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. "Ó ti bàjẹ́. Ṣe ohun tí ọkàn rẹ bá fẹ́ sí i."

Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ. Kò tíì mọ̀ rí pé ọwọ́ èèyàn lè dá lọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń gbé ẹ̀rọ yìí kiri ló ti mọ ohun tó ṣe é, wáyà méjì péré ni. Ó ká apá rẹ̀ mọ́ àyà, ó fi ìka di ara rẹ̀ mú.

"Ẹ̀rọ mi bàjẹ́," ni ó wí. "Omi tó ń gbé jáde ṣì níyọ̀. Ó ń pariwo bí ẹ bá tan án, lẹ́yìn náà á rọra dákẹ́. Ẹ gbà mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni gbogbo wọn wí, wọ́n sì bò ó.

Ariwo sọ. Ẹnì kan gba sípánà, ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. "Ariwo gíga àbí ariwo ìsàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n?" "Gbé orí rẹ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, ṣé gíláàsì ni ẹ́ ni?" "Àjàgbé, bí o bá tún sọ pé asẹ́ ni, màá jù ọ́ sómi." "Asẹ́ ni, mo búra." Rẹ̀mílẹ́kún kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti tò sọ́kàn láàárọ̀ ló ń fi ọwọ́ sọ báyìí.

"Òùngbẹ," ni Awọkàn wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ àyàfi Ìbíyẹmí.

"Òùngbẹ," ni ó tún wí. "Òùngbẹ. Òùngbẹ." Ó ń dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ń yára sí i, bí ẹni tí wọ́n ń da ẹ̀wà sí lọ́wọ́ tí kò rí àyè kà á. Àwọ̀ ń gun inú gíláàsì. Ó kọ́kọ́ rí bí ọsàn tó ń pọ́n, lẹ́yìn náà ó rí bí epo, lẹ́yìn náà ó pọ́n ju oòrùn tó ti ń kan omi lójú fèrèsé lọ, títí ojú gbogbo wọn fi pọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

"Ìbíyẹmí." Ohùn Ọ̀gá Ṣóbándé ni, ó ń tinú Awọkàn jáde. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀? Àga méjìlá ti kún. Orúkọ ṣì ń wọlé. Ta ló ń fi ẹ̀rọ yìí ṣeré?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣeré, sà. Àwọn ọmọ Àgbàlá-Ọ̀sà ni."

"Àwọn tó ká apá mọ́ra?"

"Àwọn náà ni."

"Òfin ńkọ́?"

"Mo wò ó dáadáa," ni Awọkàn dá a lóhùn. "Kò sí ibi tí Aṣàwárí ti rú u."

Wọ́n gbọ́ bí ọkùnrin àgbà náà ṣe jókòó wìì. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ tó ń pariwo sí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà ibi tó wà, inú rẹ̀ sì ń dùn lọ́nà tí Ìbíyẹmí kò gbọ́ rí: "Ẹ lọ kó àga wá láti ilé oúnjẹ. Gbogbo rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún àwọn oníkọ́tìnnì pé kí wọ́n ká a padà."

Lórí tábìlì, ẹ̀rọ kékeré náà pariwo, kò sì dákẹ́. Rẹ̀mílẹ́kún gbé ife sí ẹnu ẹ̀rọ náà, ó gba omi, ó sì gbé e fún Ìbíyẹmí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, nítorí ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa kọ́kọ́ mu. Ìbíyẹmí mu ún. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀.

"Ó ku ìbéèrè kan," ni Awọkàn wí. "Kí ẹnì kan dáhùn fún gbogbo yín. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ?"

Ìbíyẹmí ti gbọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ní gbogbo ìlú tó ti dé. Kí n lè dá nǹkan tèmi ṣe. Kí orúkọ mi lè hàn. Òun náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ nígbà tirẹ̀. Ó wo Rẹ̀mílẹ́kún.

Ọmọbìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ yẹ̀rì. "Ògiri òkun yín ti ń sán," ni ó wí. "Bí omi bá fà, a máa ń rí i láti ibí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń retí kí ẹ pè wá. Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ ò lè dá a tún ṣe. A fẹ́ wá bá yín ṣe é."

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni Awọkàn wí. "N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí."

Oòrùn wọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń gbá Àjàgbé lórí, òun náà ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé asẹ́ ni. Láàárín ariwo náà, Awọkàn rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì sọ fún ẹni tó wà lórí àga nìkan pé, "Kò sí òùngbẹ. Ẹ má bínú."

Iná tó wà lọ́rùn ọwọ́ Ìbíyẹmí ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó kú.

Ó wò ó. Ó ti rò pé ó máa dun òun jù báyìí lọ. Láìmọ̀, ó gbé ọwọ́ kejì láti tẹ̀ ẹ́, bóyá á tún tàn.

Ọwọ́ kan di ọwọ́ náà mú. Rẹ̀mílẹ́kún ni. Ó ń wo àmì tó ti ṣókùnkùn, ó sì wo ojú ẹni tó ni ín, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sì yé e.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí. "Ti ta ni?"

"Tèmi ni."

"Ẹ̀hẹn." Ó gbé ọwọ́ Ìbíyẹmí padà lé orí itan Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìka méjì sẹ́nu, ó súfèé, gbogbo ariwo sì dá. Wọ́n yí àga náà ká. Àjàgbé fa àpótí irinṣẹ́ mọ́ra, ó lóṣòó, ó sì gbé ojú sókè.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ó wí. "Ó yá, ẹ sọ fún wa. Ṣé ó ṣẹ́jú kó tó kú ni, àbí ó kàn kú?"

Ìbíyẹmí ká apá rẹ̀ mọ́ àyà, ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn.